Orí Keje: Ṣé Iná Kọ́ Ni Gbogbo Rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ Bàbá Ìbejì dé sí àgbàlá wa ní Darkuman, ní Àkrà, láti èbúté Tẹmá. Nissan Leaf ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, funfun, kò ní páìpù èéfín kankan. Àwọn ọmọdé àdúgbò ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Bàbá Ìbejì fẹ́ fi ṣe kábúkábú láàárín Kaneshie àti Odorkor, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ epo tí iye rẹ̀ kì í dúró lójú kan.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti wọn gbé e lọ sí ibùdó ìṣáàjì kan ní apá kejì ìlú. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ga, ó mọ́ tónítóní, okùn méjì ló sì so mọ́ ọn lára. Bàbá Ìbejì ṣí ìdérí tó wà ní imú ọkọ̀, ihò méjì ló wà níbẹ̀, kékeré àti ńlá. Wọ́n ki okùn àkọ́kọ́ bọ ihò kékeré, kò wọlé. Wọ́n gbé ìkejì, orí rẹ̀ kò jọ ihò kankan nínú méjèèjì. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ fara balẹ̀ wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, okùn wa ò gba irú ọkọ̀ yìí." Bàbá Ìbejì yíjú sí mi, nítorí èmi ni wọ́n mọ̀ pé ó máa ń ka ìwé nípa irú nǹkan báyìí.

"Tíṣà, ṣé iná kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni?"

Orí ìwé yìí ni ìdáhùn tí n kò lè sọ tán fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́ náà.

Iná ni gbogbo rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà méjì ló ń gbà rìn. Iná tí ilé-iṣẹ́ iná ECG ń gbé wọ ilé wa ní Àkrà, AC ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fóltì 230 sì ni agbára tó fi ń tì. Bákan náà ló rí ní Nàìjíríà. Bátìrì kò lè jó irú ijó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì, lithium inú bátìrì ń ṣí láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí a bá ń wa ọkọ̀, ó ń padà. Bí iná tó ń wọlé bá ń yíjú padà léraléra, ohun tó bá kó wọlé náà ni yóò tún kó jáde. Iná DC ni bátìrì ń fẹ́, èyí tó ń ṣàn lọ́nà kan ṣoṣo bí odò. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ògiri àti bátìrì tí yóò sọ AC di DC, ibi tí wọ́n bá sì gbé ohun náà sí ló ń pinnu irú ibùdó tí ẹ wà.

Ní ibùdó AC, inú ọkọ̀ ló wà. Àpótí ara ògiri tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ṣájà, ẹnubodè lásán ni, àfi pé aṣọ́bodè rẹ̀ gbọ́n. Ṣájà gidi wà nínú ara ọkọ̀, ó sì ní ìwọ̀n tí kò lè kọjá. Leaf àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì-wákàtì 24, ṣájà inú rẹ̀ kò sì gbà ju bíi kílówáàtì 3.3 lọ. Ẹ pín 24 sí ọ̀nà 3.3, ó lé ní wákàtì méje. Ẹ wá gbé ọkọ̀ yìí lọ sí ibùdó AC tí wọ́n kọ kílówáàtì 22 sí lára: wákàtì méje náà ni. Àgbá epo pupa lè tóbi bí ilé, àrọ tó wà lẹ́nu ìgò ló ń sọ ìgbà tí ìgò yóò kún.

Nọ́ńbà 22 yẹn tún fi nǹkan mìíràn pamọ́. Féèsì mẹ́ta ló mú un wá, ámpù 32 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò mọ̀ ju féèsì kan lọ, torí pé iná féèsì mẹ́ta kì í sábà wọ ilé gbígbé lọ́hùn-ún. Ká tiẹ̀ ní ṣájà inú rẹ̀ tóbi, nǹkan bí kílówáàtì 7.4 ni yóò rí gbà lára ẹ̀rọ náà. Mo ti rí ẹni tó san owó ibùdó ńlá, tó sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ní àrọ kékeré.

Ti DC yàtọ̀. Níbẹ̀, ìta ni ẹ̀rọ tó ń yí iná padà wà, nínú àpótí tó ga bí fìríìjì ilé oúnjẹ, ó sì ń da iná sínú bátìrì tààrà láì gba inú ṣájà ọkọ̀ kọjá. Kílówáàtì 50 ló wọ́pọ̀ nínú ìran àkọ́kọ́ wọn. Àwọn ti ìsinsìnyí ń gbé 150, àwọn kan dé 350. Wákàtì di ìṣẹ́jú níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àìbáramu ti le jù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlú tí ọkọ̀ oníná kan ti wá, ẹ ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà rí roboto, ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún. Àwọn ará Jàpáánì náà lo irú rẹ̀ fún AC. Type 1 ni orúkọ rẹ̀. Ti Yúróòpù ni Type 2, òkè rẹ̀ tẹ́, ẹsẹ̀ méje ló ní, ilé-iṣẹ́ Mennekes ní Jámánì ló gbé e jáde, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pè é títí di òní. Méjì nínú ẹsẹ̀ méje yẹn wà fún féèsì kejì àti ìkẹta tí Amẹ́ríkà kò nílò.

Ní ti DC, Jàpáánì ló kọ́kọ́ la ọ̀nà. Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ iná ti Tokyo pẹ̀lú Nissan, Mitsubishi, Toyota àti Fuji dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní CHAdeMO. Orúkọ náà wù mí. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí gbígba iná àti rírìn ni wọ́n ti fà á yọ, ṣùgbọ́n létí ará Jàpáánì, ó tún dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi tíì lọ àlejò: ẹ jókòó, ẹ mu ife tíì kan, ọkọ̀ á ti gba iná kí ẹ tó dìde. Ihò ńlá tó wà nímú Leaf Bàbá Ìbejì, CHAdeMO ni. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ò gbà pé ó yẹ kí ọkọ̀ ní ẹnu méjì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ńlá méjì kún ìsàlẹ̀ ẹnu AC tiwọn, wọ́n pe àpapọ̀ rẹ̀ ní CCS. Èyí tó wà lábẹ́ Type 1 ni CCS1. Èyí tó wà lábẹ́ Type 2 ni CCS2. Ṣáínà gbé GB/T tirẹ̀ kalẹ̀, ọ̀kan fún AC, ọ̀kan fún DC. Tesla ṣe ẹnu kékeré kan fún ọjà Amẹ́ríkà, tí AC àti DC ń gba ojú ẹsẹ̀ kan náà kọjá. Ó dá a lò títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kí ó tó ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ford àti General Motors sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé àwọn yóò máa lò ó.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni GB/T ti AC. Ẹ wò ó nínú fọ́tò, ẹ ó búra pé Type 2 ni: ẹsẹ̀ méje, ìrísí kan náà. Akọ àti abo ni wọ́n pààrọ̀. Nínú Type 2, ọkọ̀ ló ní irin, okùn ló ní ihò. Nínú GB/T, okùn ló ní irin, ọkọ̀ ló ní ihò. Ọkọ̀ Ṣáínà kan náà lè ní CCS2 bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe é fún títà sí òkèèrè, kí ó sì ní GB/T bó bá jẹ́ pé àárín Ṣáínà ni wọ́n ṣe é fún, tí oníṣòwò kan wá kó o gba ẹ̀yìn wá. Orúkọ ọkọ̀ kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹnu ọ̀tọ̀.

Ẹni tó ń gbé ní Jámánì kò nílò láti mọ ohun tí mo ń sọ yìí. Òfin tí àjọ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2014 ti yan Type 2 fún AC àti CCS2 fún DC ní ibùdó ìta gbangba, ó sì parí síbẹ̀. Ṣáínà yan tirẹ̀. Àwa tó wà ní Darkuman, ní Mushin àti ní Kútọnu ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ̀ gbogbo ayé ti ń lo ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá mọ Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí kò jìnnà sí wa, ti mọ bí ó ṣe rí: ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ti Jàpáánì, èkejì ti Jámánì, ẹ̀kẹta ti Amẹ́ríkà. Fún ọkọ̀ elépo, ìyàtọ̀ yẹn kì í dé ilé epo. Ihò táńkì kan náà ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ oníná ló gbé ìyàtọ̀ Abossey Okai wá sí ẹnu ilé epo.

Ká gbà pé ẹnu ti bá ẹnu mu. Iná kò tíì wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kí ara wọn ná, apá yìí ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìmọ̀ yìí.

Nínú okùn nínípọn yẹn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Kí okùn tó kan ọkọ̀, fóltì 12 ló wà lórí wáyà náà, àwọn ẹsẹ̀ tó ń gbé iná ńlá sì ṣófo pátápátá. Bí okùn bá wọlé, ọkọ̀ á fa fóltì 12 yẹn wálẹ̀ sí 9. "Mo ti dé o." Ibùdó á dáhùn: wáyà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lókè-nílẹ̀, ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó bá sì ṣe pẹ́ lókè tó nígbà kọ̀ọ̀kan ni ìròyìn tó ń jẹ́. Bí ó bá lo ìdajì àkókò lókè, ó ń sọ pé òun lè fún ọkọ̀ ní ámpù 30. Bí ó bá lo ìdá kan nínú márùn-ún, ámpù 12 ni òun ní. Ọkọ̀ á gbọ́, á wo ara rẹ̀, bí ó bá ti ṣetán, á tún fa fóltì wálẹ̀ sí 6: ó dáa, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni ẹ ó gbọ́ "kọ́" nínú àpótí ara ògiri. Iná ti wọlé.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ń pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bẹ̀rù pé ibùdó ńlá yóò jó bátìrì kékeré, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn ẹni tó bá ka ìwé yìí. Ibùdó kì í ti iná wọnú ọkọ̀. Ó ń sọ iye tó ní. Ọkọ̀ ló ń bu ìwọ̀n tó wù ú.

Ní ti DC, ọ̀rọ̀ kọjá ìkíni. Ṣájà inú ọkọ̀ ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ibùdó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ fóltì bátìrì, iye ámpù tí ó ń fẹ́ báyìí, bóyá ara rẹ̀ ti gbóná, bóyá ó ti yó, kí ó sì máa bi í léraléra títí wọn yóò fi parí. CHAdeMO àti GB/T ní wáyà ọ̀tọ̀ fún irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lo ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní CAN, tí àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ lórí rẹ̀ kò jọra. CCS kò lo wáyà mìíràn. Ó gbé èdè tirẹ̀ gun orí wáyà ìkíni tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá Ìbejì báyìí. Type 1 àti Type 2, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ni. Ohùn yàtọ̀, èdè kan náà ni, nítorí pé 12, 9 àti 6 kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn. Àdápútà tó wà láàárín wọn kò nílò ọpọlọ. Ó kàn so ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n CHAdeMO àti CCS, Yorùbá àti Gã ni. Ẹ lè gé irin kí ẹnu wọn wọ ara wọn, síbẹ̀ wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Ìyá Ọ̀yọ́ tó ń tajà ní Àkrà kí òfin Gánà ti ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa, àwọn Yorùbá, padà sílé, bí oníbàárà Èkìtì bá dé, á dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà Gã bá dé, tí ìyá náà kò sì gbọ́ Gã, ọmọ tó bí sí Àkrà ló máa ń pè kó wá túmọ̀. Àdápútà CCS sí CHAdeMO gbọ́dọ̀ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú: kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ní iná tirẹ̀, tó ń gbọ́ èdè kan lọ́tùn-ún, tó ń sọ èkejì lósì láì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, nígbà tí iná tó tó fóltì 400 ń gba ikùn rẹ̀ kọjá. Ó wà lọ́jà báyìí, ó sì wọ́n ju ti AC lọ fíìfíì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé èyí tó fúyẹ́, tó pọ́ọ́kú, tí kò ní ibi tí a ti ń fún un ní iná tàbí tí a ti ń tún èdè rẹ̀ ṣe wá fún yín, ẹ dá a padà.

Àìbáramu ti agbára náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lo bátìrì tó sún mọ́ fóltì 400; Porsche Taycan ti 2019 àti Hyundai Ioniq 5 ti 2021 ń lo nǹkan bí 800. Ibùdó DC tí òkè rẹ̀ kò kọjá 500 kò lè fún irú wọn ní iná tààrà. Àwọn kan nínú ọkọ̀ yìí lè gbé fóltì náà ga fúnra wọn, àmọ́ wọn kì í yára tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Èyí tí mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ ni ti ilé wa. Àpótí ara ògiri tó dára kì í ṣí iná títí yóò fi rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì wọlẹ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni yóò gba ẹni tó bá fọwọ́ kan ara ọkọ̀ là bí iná bá já sí irin. Nínú àgbàlá àtijọ́ tí ìdílé mẹ́fà ti ń pín iná, bí irú tiwa, ẹ lè rí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Fìríìjì á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ yóò kọ̀. Inú máa ń bí ẹni tó ni ín, ó ń bú ọkọ̀, ó ń bú ṣájà, bẹ́ẹ̀ ilé ni wọ́n ń sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ní kí oníná wá tan ẹ̀rọ náà jẹ kí ó lè gbà. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí: ẹ má ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn máa ń fọwọ́ tútù kan án.

Okùn tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà tún jẹ́ pàkúté. Fóltì 120 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ fún. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gba 230 láì sí wàhálà, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó wà láàárín okùn náà lè jó lójú ẹsẹ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Gíláàsì ni Bàbá Ìbejì fi kà á, tí wọ́n sì rọra ká okùn náà padà sínú búùtù. Bí okùn bá sì jẹ́ ti 230, kí ámpù rẹ̀ má ju 10 lọ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 13 sí i, nítorí pé wákàtì mẹ́wàá ni yóò fi máa gbé e. Ámpù 10 fún wa ní kílówáàtì 2.3, alẹ́ kan gbáko fún bátìrì 24. Ẹ má fi wáyà ìfàgùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ní ti ìta gbangba, lọ́dún 2021, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ọkọ̀ ní Nàìjíríà gbé ibùdó ìṣáàjì tó ń lo iná oòrùn kalẹ̀ ní Yunifásítì Èkó. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Spiro gba ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọlọ́kadà: ẹ fi bátìrì tó tán sílẹ̀, ẹ gbé èyí tó kún, ẹ máa lọ. Mo rí ọgbọ́n nínú rẹ̀, kò sì sí ìjà ẹnu níbẹ̀. Àmọ́ bátìrì ilé-iṣẹ́ kan kì í wọ ọ̀kadà ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ìjà náà kàn ti ẹnu ṣí lọ sí ikùn ni. Ìjọba Gánà kéde nínú ìṣúná ọdún 2024 pé àwọn yóò yọ owó orí ibodè kúrò lórí ọkọ̀ oníná tí wọ́n bá kó wọlé fún ìrìnnà gbogbo ènìyàn, fún ọdún mẹ́jọ. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó dé láì san owó ibodè, tí ẹnu rẹ̀ kò bá okùn ìlú mu, inú gáráàjì ni yóò ti máa pawó.

Èrò tèmi ni pé kí ibùdó ìta gbangba ní Àkrà àti ní Èkó dúró lórí Type 2 àti CCS2, nítorí fóltì wa àti féèsì wa ti Yúróòpù ni, ibẹ̀ ló sì bá mu jù. Kí wọ́n má sì lé àwọn tòkunbọ̀ dànù. Ẹ̀rọ DC tó ní okùn mẹ́ta lára, CCS2, CHAdeMO àti Type 2, kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. GB/T náà yẹ kó ní àyè tirẹ̀ níbi tí ọkọ̀ Ṣáínà bá ti pọ̀. Kí ẹ̀rọ náà sì gba MoMo, owó orí fóònù, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ OCPP, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands, tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lè bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ nípa owó àti ìwọ̀n iná. Bí kò bá sí i, ẹ ó rí ibùdó tí ẹnu rẹ̀ bá ọkọ̀ yín mu, tí èdè rẹ̀ yé e, tí kò sì ní gbà yín nítorí pé ẹ kò ní áàpù kan lórí fóònù.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná láti òkè òkun, kí ó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó ṣí ìdérí, kó ya ẹnu ọkọ̀ náà ní fọ́tò tó sún mọ́ ọn. Fọ́tò ara ọkọ̀ kò tó. Kí ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó béèrè iye kílówáàtì tí ṣájà inú rẹ̀ ń gbà, nítorí àwọn Leaf mìíràn láti 2013 gba bíi 6.6, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀.

Àdápútà Type 2 sí Type 1 ni Bàbá Ìbejì rà níkẹyìn, irin àti wáyà lásán, láì ní ọpọlọ. Ọjọ́ Àìkú ni oníná gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó kan ọ̀pá bàbà wọlẹ̀, ó fa wáyà ẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, ó sì so àpótí Type 2 kékeré mọ́ ògiri. Ó tó aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó ki okùn náà bọ imú ọkọ̀. A dákẹ́, àwọn ọmọdé náà dákẹ́. "Kọ́." Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf, lábẹ́ gíláàsì iwájú, iná búlúù mẹ́ta ló wà, àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bàbá Ìbejì gbé àga jáde, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń dúró de ìkejì.